Kì í Ṣe Ariwo Ìbọn Ni Ó Ń Pa Àgbọ̀nrín

Àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa fẹ́ràn ìbọn tí ń ké. Bí ẹ bá jókòó ní àgbàlá olúọ́dẹ ní àsìkò ọdún Ògún, tí ẹmu ti yí agbo ká lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó gbọ́ bí oníkálukú yóò ti máa pọ́n ìbọn tirẹ̀ lé. Ọ̀kan yóò ní bí tòun bá dún ní òkè odò, àwọn ará ìlú kejì a ta jí. Èkejì yóò ní òun kò mọ̀ nípa ariwo, ṣùgbọ́n oògùn tí baba òun dì mọ́ ìdí ìbọn òun kò jẹ́ kí ọta rẹ̀ ṣìnà rí. Ẹ̀kẹta, tí ó ti gbé Èkó rí, yóò fi àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, yóò ní ìbọn òyìnbó ni òun ń lò, àti pé ẹni tí ó bá sì ń gbé ṣakabùlà kiri lónìí, àgbọ̀nrín èṣín ni ó ń jẹ lọ́bẹ̀. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń gbọ́ àríyànjiyàn yìí, mo sì ti dàgbà kí ó tó hàn sí mi pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ṣì í. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó béèrè ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè: níbo ni ọta ìbọn yìí ń lọ nígbà tí a bá fà á?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kí ni ti akọ̀wé nínú ọ̀rọ̀ ọdẹ. Èsì mi kò gùn. Ilé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí, ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n fi wò mí dàgbà, mo sì ti rí ohun tí ìbọn tí a kò yàn dáadáa lè ṣe nínú ẹbí kan. Ẹni tí ó jẹ nínú ẹran kò gbọdọ̀ dákẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ìbọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹran náà, nítorí ẹran ni ó ń sọ irú ìbọn tí a ó fi pa á, kì í ṣe ọdẹ. Àgbọ̀nrín kì í rìn lágbo bí ẹfọ̀n. Òun nìkan ni ó sábà máa ń jẹ̀, ní etí igbó àti ní ẹ̀bá oko tí ewé tútù wà, ní ìrọ̀lẹ́, ní òru àti ní kùtùkùtù. Ara rẹ̀ pupa, ó ní ìlà funfun àti àmì wínníwínní bí ẹni pé a fi okùn funfun dì í. Ìdí nìyẹn tí kò fi rọrùn láti rí i bí ó bá dúró sí ibi tí oòrùn ti ń yọ́ gba àárín ewé wọlé. Etí rẹ̀ mú. Bí ó bá fura, yóò gbó bí ajá, yóò sì rá mọ́ inú igbó. Akọ rẹ̀ tí ó bá gba ọgbẹ́ tí kò kú a máa yíjú padà sí ọdẹ pẹ̀lú ìwo. Ibi tí ọta gbọ́dọ̀ bà kí ó tó ṣubú kíá ni ẹ̀yìn apá iwájú, níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà, ibẹ̀ kò sì tóbi ju àwo ìjẹun kan lọ. Nítorí náà, ìṣẹ́jú díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ àti àyè tí ó tó àwo kan ni ọdẹ àgbọ̀nrín ní. Ìbọn tí kò bá lè fi ọta sínú àwo yẹn nígbà gbogbo, ohun yòówù kí ó tún lè ṣe, kì í ṣe ìbọn àgbọ̀nrín.

Ẹ wá jẹ́ kí a bọ́ sórí ariwo. Kí ni ó ń mú ìbọn ké? Ẹ̀tù ni. Èédú ni ẹ̀tù ṣakabùlà, pẹ̀lú imí ọjọ́ àti iyọ̀ kan tí ń mú iná ràn. Bí ó bá jóná nínú ọ̀pá ìbọn, èéfín rẹ̀ yóò wá ọ̀nà àbáyọ, èéfín yìí ni yóò sì ti ọta jáde. Agbára tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ọta ti kúrò lẹ́nu ìbọn, afẹ́fẹ́ ni ó ń lù, òun sì ni etí wa ń gbọ́. Ẹni tí ó bá ki ẹ̀tù ju bí ó ti yẹ lọ, díẹ̀ ni ó fi kún ìyára ọta. Ariwo ni ó fi kún. Ó fi kún títa tí ìbọn ń ta èjìká, èyí tí ń gbé ẹnu ìbọn sókè kúrò lára ẹran. Ó sì fi kún ẹrù tí ọ̀pá irin ń gbé, títí irin náà yóò fi sọ pé òun kò gbé e mọ́.

Ìtàn wa gan-an ni ó yẹ kí ó ti kọ́ wa ní èyí. Ogun tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ bá ara wọn jà láti 1877 títí di 1893, dídún ìbọn ni a fi sọ ọ́ lórúkọ: Kírìjì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe dídún ni ó dá àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn dúró. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó ni wọ́n fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn wọn nílé, ìbọn tí a ń ki láti ìdí, tí a lè tètè tún ki, tí ọta rẹ̀ sì ń bà níbi tí ti ṣakabùlà kò lè dé. Ìbàdàn tí ó ti ṣẹ́gun káàkiri bá ara rẹ̀ níwájú ọta tí ń bọ̀ láti ibi tí ọwọ́ tirẹ̀ kò tó. A rántí ariwo, a sì sọ ogun náà lórúkọ ariwo. Ohun tí ó ṣe iṣẹ́ náà gan-an, a gbàgbé rẹ̀. Irú ìgbàgbé yìí kan náà ni ọdẹ tí ń yọ̀ pé ìbọn òun ń ké ń gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ oògùn le ju èyí lọ, n kò sì ní fi ẹnu àbùkù sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Ògún tí a ń pè sí i kì í ṣe òrìṣà ọ̀lẹ. Òrìṣà irin ni, òrìṣà alágbẹ̀dẹ, òrìṣà ẹni tí ń fi iná àti òòlù bá irin sọ òótọ́. Ẹni tí ó bá ń bọ Ògún tọkàntọkàn, irin ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ó tó so ohunkóhun mọ́ ọn.

Àbúrò bàbá mi kan, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Ọdẹ, ra ìbọn kan lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ kan. Ìbọn náà dára lójú. Wọ́n fi awọ dì í, wọ́n to owó ẹyọ sí ìdí rẹ̀, oògùn tí wọ́n so mọ́ ọn sì tó méje. Ní òru ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó rí ojú àgbọ̀nrín tí ń tàn nínú ìmọ́lẹ̀ iná tí ó wà níwájú orí rẹ̀. Ó fa ìbọn, ìbọn sì bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìka mẹ́ta nínú ọwọ́ òsì rẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ nínú igbó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo agboolé ti mọ ẹni tí ó ṣe é. Wọ́n dárúkọ ọdẹ kan tí wọ́n jọ ń du oyè. Wọ́n tún dárúkọ ìyá arúgbó kan tí ó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá náà mọ́, kò sì sí ẹni tí ó gbé oúnjẹ fún un, títí ó fi kú.

Ní ọjọ́ kẹta, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ ṣa àfọ́kù ìbọn náà wá. Ọ̀pá irin àlòkù ni alágbẹ̀dẹ fi ṣe é, irú èyí tí a fi irin pẹlẹbẹ ká róbótó, tí a wá fi iná jó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ náà ni ó là sí, láti ìdí dé àárín, ìpẹtà sì ti jẹ inú rẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n ojú mi rí i. Mo fi han àwọn àgbà. Wọ́n ní kí n gbé e sọnù, pé ọmọdé kò mọ̀ pé oògùn a máa la irin.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kì í ṣe ìka mẹ́ta nìkan ni a pàdánù. A pàdánù ìyá kan tí kò ṣẹ̀ wá. A sì pàdánù ẹ̀kọ́ náà, nítorí alágbẹ̀dẹ yẹn tún fi irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ rọ ìbọn mìíràn, kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè. Ohun tí mo ní sí oògùn ara ìbọn nìyí: ó ń bá irin jẹ́jọ́, ó sì ń dá irin láre. Bákan náà ni ti ọdẹ tí ó yìnbọn sí ohun tí kò rí délẹ̀, tí ó wá bá ènìyàn níbẹ̀. Yóò ní àgbọ̀nrín ni òun rí, pé ìgbà tí ó ṣubú ni ó di ènìyàn. Ìtàn obìnrin tí ń bọ́ awọ àgbọ̀nrín sílẹ̀ lọ sí ọjà dùn-ún gbọ́ ní òṣùpá, ṣùgbọ́n kò sí opó kan tí ó yẹ kí a fi tù nínú.

Ó wá ku ẹni tí ó gbé ìbọn òyìnbó. Kí ó rántí pé ṣakabùlà tí ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ìbọn òyìnbó ni òun náà tẹ́lẹ̀. Orúkọ àwọn ará Dẹ́ńmáàkì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pè é títí di òní, nítorí pé àwọn oníṣòwò Dẹ́ńmáàkì wà lára àwọn tí ó kó o wá sí etí òkun wa. Ìlú Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ti rọ púpọ̀ nínú àwọn ìbọn tí wọ́n tà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún, gbàrọgùdù sì wà nínú wọn. Ní 1813, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ilé ìdánwò ìbọn sílẹ̀ ní ìlú náà. Ìdánwò náà kò ṣòro láti yé ènìyàn: wọn yóò ki ọ̀pá ìbọn ju bí ẹni tí yóò rà á ti máa ki í lọ, wọn yóò yìn ín níbi tí kò ti lè pa ẹnikẹ́ni lára, bí kò bá bẹ́, wọn yóò tẹ àmì sí i lára. Ohun tí ó mú kí ìbọn òyìnbó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé nìyẹn. Kì í ṣe àwọ̀ ẹni tí ó rọ ọ́, ìdánwò ni.

Ìdánwò ilé ìbọn kò sì tó fún ọdẹ. Ẹ wo ìbọn kátíríìjì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 12. Nọ́ńbà náà ní ìtumọ̀: bí a bá fi òjé rọ ọta róbótó méjìlá tí ó bá ẹnu ọ̀pá náà mu, àwọn méjèèjìlá yóò wọn pọ́n-ùn kan. Àmọ́ ọta wẹ́wẹ́ ni a sábà máa ń fi sínú kátíríìjì rẹ̀, ọta wẹ́wẹ́ a sì máa fọ́nká bí ó ti ń lọ. Ní ìṣísẹ̀ 25, ó lè kó ara jọ sínú àwo wa. Ní ìṣísẹ̀ 60, ọ̀kan lè ba itan, òmíràn a ba ìfun, ẹran yóò sì gbé wọn lọ kú sí ibi tí igún nìkan yóò ti rí i. Ìbọn méjì láti ilé iṣẹ́ kan náà lè má fọ́n kátíríìjì kan náà bákan náà. Ti ráífù yàtọ̀: inú ọ̀pá rẹ̀ ní ìlà tí ó lọ́ bí okùn, ìlà yìí ni ó ń mú ọta pòyì, pípòyì náà ni kò sì jẹ́ kí ó ṣako. Ṣùgbọ́n ọta tí kò ṣako kì í dúró lára ewé. Bí ó bá tàsé ẹran, yóò máa lọ títí dé oko ẹlòmíràn. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn àgbọ̀nrín kò ní ẹ̀tọ́ láti gbé ráífù wọ igbó tí àwọn àgbẹ̀ ń gbà kọjá.

Kí ni ìjọba ń ṣe sí gbogbo èyí? Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, ti 1959, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí ó jẹ́ èèwọ̀ fún ará ìlú, èyí tí ènìyàn lè gba ìwé àṣẹ sí, bí ìbọn kátíríìjì àti ráífù ìṣọdẹ, àti èyí tí a ń ki láti ẹnu, níbi tí a to ṣakabùlà sí. Òfin náà ní kí a má fún ẹni tí kò tí ì pé ọmọ ọdún 17 ní ìwé àṣẹ, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa. Ó dára bẹ́ẹ̀. A wo ojú ọdẹ, ṣùgbọ́n ta ni ó wo ojú ìbọn? N kò tí ì bá ọdẹ kan pàdé tí ẹni tí ó fún un ní ìwé àṣẹ sọ fún un pé kí ó yin ìbọn náà lójú òun. Ní England àti Wales, òfin 1991 lórí ẹran tí ó jọ àgbọ̀nrín wa sọ pé ráífù tí a ó fi pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò gbọdọ̀ ní ẹnu tí ó kéré ju 0.240 ínǹṣì lọ, agbára ọta rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní 1,700 fútù-pọ́n-ùn. Wọ́n béèrè ẹni tí ó ni ìbọn, wọ́n sì tún béèrè bóyá ìbọn náà tó ẹran pa. N kò ní kí a da òfin wọn kọ. Igbó wa kì í ṣe igbó wọn. Ìbéèrè kejì yẹn ni mo ní kí a yá lò.

Bí a kò bá sì rí ẹni bá wa béèrè rẹ̀, kí ọdẹ béèrè rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ó má ra ṣakabùlà tí ọ̀pá rẹ̀ ní ojú jíjó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ó ní kí alágbẹ̀dẹ so ìbọn náà mọ́ igi, kí ó ki í ní ìlọ́po méjì ohun tí a ń ki, kí ó so okùn gígùn mọ́ ibi tí ìka ń fà, kí ó sì fà á láti ẹ̀yìn òkìtì. Alágbẹ̀dẹ tí ó bá kọ̀ ti fún un ní èsì. Lẹ́yìn náà, kí ó yẹ gbogbo ara ọ̀pá náà wò bóyá ó sán tàbí ó wú níbì kan. Kí ó dijú, kí ó gbé ìbọn sí èjìká, kí ó lajú. Bí ojú rẹ̀ kò bá bọ́ sí orí ọ̀pá náà tààrà, a kò rọ ìbọn náà fún un. Kí ó fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo wọn ẹ̀tù, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Olúọ́dẹ kan wà ní ìlú wa nígbà èwe mi tí kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wọ igbó àgbọ̀nrín àfi bí ó bá fi ìbọn rẹ̀ ba ewé kókò kan tí a fi ẹ̀gún kàn mọ́ òkìtì ọ̀gán ní ìṣísẹ̀ 25, ní ìgbà márùn-ún léraléra. Bí ó bá ba mẹ́rin, yóò ní kí ó padà lọ sílé. Ọmọ iṣẹ́ a máa sunkún. Ṣùgbọ́n ọdẹ náà darúgbó pẹ̀lú ìka mẹ́wàá, n kò sì gbọ́ rí pé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan yìnbọn lu ènìyàn.

Wọn yóò ní tálákà ni ọdẹ, pé ẹni tí ebi ń pa kì í yan ìbọn. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí tálákà kan náà san fún oògùn méje. Ìdánwò tí mo ń sọ yìí, ẹ̀tù díẹ̀, okùn kan àti ewé kókò ni ó ń ná ni. Tálákà gan-an ni kò lè fara da ìbọn burúkú, nítorí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni gbogbo ogún tí ó ní.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ti kọjá ọ̀rọ̀ ẹran nìkan. Láti 2020 tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, àwọn ọdẹ ni a ń pè láti wá ṣọ́ ọ̀nà, oko àti abúlé. Ìbọn tí a fi ń wá àgbọ̀nrín lánàá, níbi tí ènìyàn wà ni a ń gbé e sí lónìí. Àwọn baba wa ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun? Òwe náà kò béèrè bóyá ìbọn náà ń ké, tàbí bóyá a ti bọ ọ́. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó wà níwájú ìbọn ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí àwọn olúọ́dẹ àti àwọn alágbẹ̀dẹ wa. Ní ọjọ́ ọdún Ògún, a máa ń yìnbọn sí ojú ọ̀run, a kì í sì í ronú pé ohun tí ó bá gòkè yóò sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yí i padà. Kí gbogbo ọdẹ kó ìbọn wọn wá sí ojúbọ, kí a so wọ́n mọ́ igi lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a ki wọ́n, kí a fi okùn fà wọ́n lójú gbogbo ènìyàn. Èyí tí ó bá bẹ́, kí a fi irin rẹ̀ sílẹ̀ fún Ògún níbẹ̀, kí a sì dúpẹ́ pé kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Èyí tí kò bá bẹ́, kí a wá kan ewé kókò mọ́ òkìtì ọ̀gán fún un. Bí a bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà èwe mi, Bàbá Ọdẹ ì bá fi ìka mẹ́wàá jẹ iyán títí ọjọ́ ikú rẹ̀, ìyá arúgbó ẹ̀yìnkùlé wa ì bá sì bá a jẹ níbẹ̀.